Kò Sí Màlúù Lórí Òkè Gàárì Lọ́jọ́ Náà

Èmi ni mo ń wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé ní àfonífojì wa yìí, ó ti di ọdún mọ́kàndínlógún báyìí. Kò sí ilé tí n kì í dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Mo mọ ẹni tó ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́, mo sì mọ ẹni tí iná ilé ìdáná rẹ̀ kì í tàn títí aago méje fi lù. Ilé Idella Orcutt ló kẹ́yìn, níbi tí títì ọlọ́dà ti parí tí òkúta wẹ́wẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọmọ ilé ìwé nínú ilé náà mọ́, àmọ́ ibẹ̀ ni mo ti máa ń yí ọkọ̀ padà, obìnrin náà á sì gbé kọfí wá bá mi lẹ́nu géètì. Ìṣẹ́jú márùn-ún lójúmọ́, fún odindi ọdún mọ́kàndínlógún: bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni nígbà tí ọ̀rọ̀ ìkookò dé. Ó ga, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì tóbi ju ọwọ́ ọkọ rẹ̀ lọ. Garth, ọkọ rẹ̀, ti já bọ́ lórí ẹṣin nígbà kan, egungun ìbàdí rẹ̀ ò sì jẹ́ kó lè gun ohunkóhun mọ́ bí kò ṣe àga. Idella ló ń da màlúù wọn, òun ló ń gbẹ̀bí fún wọn. Kò sí olóko kan láàárín wa tí kò tíì pè é rí pé kó wá bá òun fa ọmọ màlúù tó há sínú ìyá rẹ̀. Á bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀ sílẹ̀, á ti ọwọ́ bọ inú màlúù náà títí dé èjìká, á dijú bí ẹni tó ń gbàdúrà, á sì máa fi ohùn jẹ́jẹ́ bú u: "Ọ̀lẹ, abìdí bí àpò, o ò ní tì, àbí o ò ní tì?" Kò pẹ́, ọmọ á bọ́ sílẹ̀. Ní ọdún tí yìnyín bò wá mọ́lẹ̀ dé ojú fèrèsé, ọmọ màlúù mẹ́ta ló gbé wọ balùwẹ̀ rẹ̀, tó ń bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí wọn lára títí ẹ̀jẹ̀ wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í sáré padà.

Lyman Teague ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọdún méjì péré ló fi jù ú lọ. Ilé bàbá wọn nísàlẹ̀ odò ni Lyman ń gbé pẹ̀lú Twila, ìyàwó rẹ̀. Awọ ìkookò kan wà lára ògiri ilé náà nígbà èwe wọn. Bàbá bàbá wọn ló pa á, àwọn àgbà sì máa ń sọ pé òun ló kẹ́yìn ní gbogbo agbègbè wa. Láyé ìgbà yẹn, ìjọba ló ń sanwó fún ẹni tó bá pa ìkookò. Wọ́n ń fi májèlé sínú òkú ẹran fún wọn, wọ́n ń rá wọ inú ihò lọ kó ọmọ wọn jáde. Wọ́n pa wọ́n tán ráúráú. Nǹkan bí ọgọ́rin ọdún la fi sin màlúù lórí àwọn òkè wọ̀nyí láìro tiwọn.

Àwọn ará ìlú ńlá ló dìbò pé kí wọ́n padà wá. Ìbò náà kárí gbogbo ìpínlẹ̀ Colorado, ìbéèrè rẹ̀ ò sì le: ṣé kí ìjọba kó ìkookò padà sórí àwọn òkè ìhà ìwọ̀ oòrùn, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn tó ń gbé níbi tí ìkookò ò lè dé láé ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwa tí a máa bá wọn gbé ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n fi díẹ̀ jù wá lọ, ọ̀rọ̀ parí. Idella náà dìbò pé bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ó ku oṣù díẹ̀ kí wọ́n tú wọn sílẹ̀, ìjọba rán ọ̀dọ́mọbìnrin onímọ̀ ẹranko kan sí wa, Corinne Vail lorúkọ rẹ̀, pé kó wá bá wa sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn àwọn àgbẹ̀. Gbọ̀ngàn kún débi pé àwọn kan jókòó sórí fèrèsé. Lyman ló kọ́kọ́ dìde.

"Ìyáàfin, ṣebí ọgbà ìgbafẹ́ wà ní ìlú ńlá yín ní Denver? Ẹ tú wọn síbẹ̀. Kí wọ́n máa fi àwọn ajá kéékèèké tó ń wọ ẹ̀wù òtútù yẹn jẹun àárọ̀."

Ẹ̀rín sọ. Ferris Lund, bàbá arúgbó tó ń tọ́jú ẹja létí odò, nawọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ má bínú sí mi o. Àwọn ẹranko wọ̀nyí ló kọ́kọ́ débí. Láti ìgbà tí wọn ò ti sí mọ́, àwọn àgbọ̀nrín ńlá ti jẹ gbogbo igi etí odò run. Odò ń gbóná, ẹja ń kú. Nǹkan ti dàrú láti ìgbà tí a ti..."

"Ferris, jókòó jàre!" Lyman tún ti dìde. "Ẹja lò ń sìn. Ọjọ́ tí ìkookò bá bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹja, kó o wá bá wa sọ̀rọ̀."

Ibẹ̀ dàrú. Olúkúlùkù ń pariwo, ọmọbìnrin náà dúró níwájú, ó di bébà rẹ̀ mú, ọrùn rẹ̀ ti pọ́n. Ìgbà náà ni Idella dìde. Kò gbé ohùn sókè, àmọ́ gbogbo wa la ti jẹ ẹ́ ní gbèsè ọmọ màlúù rí, a dákẹ́.

"Ìbéèrè kan péré ni mo ní. Tí yìnyín bá ti lé àwọn àgbọ̀nrín lọ sísàlẹ̀, tí àwọn màlúù wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ nínú pápá níbí, kí ni wọ́n máa jẹ?"

Corinne Vail gbé bébà rẹ̀ sílẹ̀. "Mi ò mọ̀, ìyáàfin. Tí mo bá ní mo mọ̀, irọ́ ni mo pa."

Idella jókòó, ó sì sọ fún Garth, kò tilẹ̀ bìkítà bóyá ẹlòmíì gbọ́: "Ó dáa. Ó kéré tán, eléyìí kì í purọ́."

Wọ́n tú wọn sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá. Títí di oṣù Kẹta a ò rí nǹkan kan ju ojú ẹsẹ̀ wọn lọ nínú yìnyín, ó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹrin, mo dé géètì Orcutt, mi ò rí kọfí. Mo fun fèrè ọkọ̀. Nígbà tí mi ò rí ẹnikẹ́ni, mo sọ̀ kalẹ̀ gba ẹ̀yìn ilé tí wọ́n ń kó koríko màlúù sí, mo sì bá Idella lórí ìkúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Plum ló wà níwájú rẹ̀. Plum jẹ́ ọ̀kan lára àwọn mẹ́ta tó gbé wọ balùwẹ̀ lọ́jọ́sí. Ó ti di abo màlúù ńlá báyìí, oyún rẹ̀ sì ti tó bí. Mi ò ní sọ ohun tí wọ́n ṣe sí i. Ó ṣì ń mí.

Idella ò sunkún. Ó ń fi ìbọ̀wọ́ rẹ̀ nu ẹrẹ̀ kúrò létí màlúù náà, ó ń nù ún léraléra. Ó ní, "Lọ gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé. Tó o bá ti débi tí fóònù ti ń ṣiṣẹ́, bá mi pe ọmọbìnrin ìjọba yẹn." Mo pè é. Dókítà ẹran ló wá láti ìlú tó bá màlúù náà fòpin sí ìrora rẹ̀.

Corinne dé lọ́sàn-án. Ó fá irun òkú ẹran náà, ó ṣí awọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń fi rúlà wọn àlàfo àárín ojú eyín. Níbi tí eyín ti wọlé, ẹran abẹ́ awọ ti dúdú bí èso tó bàjẹ́. Ó ní, "Ìkookò ni, ìyáàfin. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ìjọba máa san owó rẹ̀."

Idella ní, "Ṣé mo béèrè owó ni? Mo rí ojú ẹsẹ̀ wọn nínú ẹrẹ̀, mi ò nílò rúlà. Kí lẹ máa ṣe sí i? Ohun tí mò ń béèrè nìyẹn."

"Ohun tó ń ṣiṣẹ́ níbòmíì ni kí ẹnìkan máa gun ẹṣin pẹ̀lú agbo màlúù ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kó máa sùn tì wọ́n, kó máa kó wọn pọ̀, kí ìkookò máa gbọ́ òórùn èèyàn nígbà gbogbo."

"Ta ló wà nídìí iṣẹ́ yẹn?"

"Ẹnikẹ́ni ò tíì gbà á."

"Kí ló fà á?"

"Àwọn kan ní ìtìjú ni, kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Idella gbé kọfí wá bá mi bí ó ti máa ń ṣe. Ó ní òun ti gba iṣẹ́ náà. Mo ní, "Idella, àwọn èèyàn máa sọ̀rọ̀ o." Ó ní kí wọ́n sọ ọ́. Ó ní tí ẹnìkan bá máa dúró láàárín ìkookò àti màlúù, ó dáa kó jẹ́ ẹni tó mọ màlúù lórúkọ.

Wọ́n sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Ìjọba fún un ní okùn gígùn kan tí wọ́n so àkísà pupa mọ́ látòkè délẹ̀, pé tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ ẹ, ẹ̀rù máa ń ba ìkookò láti kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ta á yí pápá rẹ̀ ká, Lyman dá ọkọ̀ dúró ní títì.

"Della! Ìgbà wo lo di alágbàfọ̀?"

"Ọjọ́ tí o bá mú ṣòkòtò tìẹ wá, màá sá a."

"Wọn ò lè rí mi níbi tí màá ti máa ta àkísà fún ajá igbó. Ìbọn ni bàbá wa fi sílẹ̀ fún mi, kò fi okùn aṣọ sílẹ̀."

Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín fi kúrò níbẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Ìkookò. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó ti ń bá a jókòó láti ogún ọdún bẹ̀rẹ̀ sí í rí àyè níbòmíì. Ẹnìkan lọ gbé egungun ajá sínú àpótí lẹ́tà rẹ̀. Garth fẹ́ mú un lọ fún ọlọ́pàá, Idella ní kó jù ú sínú iná.

Nígbà tí koríko hù tán lókè, ó da àádọ́sàn-án màlúù gòkè, ó sì gbé inú ilé pákó kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í tì dáadáa. Oṣù mẹ́rin gbáko. Mo máa ń lọ kí i ní Àbámẹ́ta, èmi ni mo ń gbé oúnjẹ àti lẹ́tà lọ. Iṣẹ́ náà ò ní ìṣẹ́jú ìsinmi. Màlúù fẹ́ràn láti tú ká, ó gbọ́dọ̀ máa kó wọn jọ. Bí ọ̀kan bá kú, ó gbọ́dọ̀ fi ẹṣin wọ́ ọ jìnnà kí òórùn rẹ̀ tó pe àlejò. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ìkookò wà nítòsí: àwọn ìyá màlúù á dojú kọ ìhà kan náà, wọn ò ní jẹun.

Ó rí ìkookò kan ní ọ̀sán gangan ní oṣù Keje. Ó sọ fún mi bí ó ṣe rí. Abo ni, eérú ni àwọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ tí ìjọba fi ń mọ ibi tó wà so mọ́ ọn lọ́rùn, ó sì ń tiro díẹ̀ ní ẹsẹ̀ iwájú. Ó jáde láti inú igi, ó dúró níbi tí òkò ọwọ́ ọmọdé lè dé, ó sì ń wo Idella.

Idella ní, "Mo ti ń retí ọjọ́ yẹn láti ìgbà Plum. Mo ti mọ èébú tí màá bú u. Bí mo ṣe rí i, mi ò rí èébú kankan sọ. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ojú ọjọ́. Kò kórìíra mi. Kò bẹ̀rù mi. Ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá òjò máa rọ̀."

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo ju fìlà mi sí i, mo pariwo, ó lọ. Kò sáré o, ó rìn lọ ni. Lọ́jọ́ kejì mo bá ara mi níbi tí mo ti ń wo ìdí igi kan náà bóyá ó máa tún jáde. Inú bí mi sí ara mi débi pé mi ò jẹun alẹ́."

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn fi parí, màlúù méjì ló kú nínú agbo Idella, òdòdó olóró pa ọ̀kan, àrá pa ìkejì. Ìkookò ò fọwọ́ kan ọ̀kankan. Lódìkejì òkè, níbi tí Lyman ti da màlúù tirẹ̀ tí kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni bá a ṣọ́ wọn, ọmọ màlúù mẹ́ta ló bá ìkookò lọ. Mo rí Lyman ní ilé ìtajà oúnjẹ ẹran ní oṣù Kẹsàn-án. Ó ti rù. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa ìkẹta wọn bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọmọ èèyàn. Ẹni tó bá sọ pé ìwà ipá lásán ló wà nínú ohun tó ṣe lẹ́yìn náà kò mọ̀ ọ́n.

Ní oṣù Kẹwàá, ẹ̀rọ ọrùn abo ìkookò náà ránṣẹ́ sí àwọn ìjọba pé ẹni tó gbé e kọ́rùn ti dẹ́kun ìrìn. Corinne rí òkú rẹ̀ lórí òkè tí à ń pè ní Gàárì, ọta ìbọn kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀. Lyman ò sá. Kí wọ́n tó béèrè ló ti sọ ọ́: òun ni. Ó ní ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìkookò náà ń lé àwọn ọmọ màlúù òun, òun sì yìnbọn. Òfin fàyè gba ìyẹn. Èèwọ̀ ni láti pa ìkookò, àyàfi tí èèyàn bá ká a mọ́ ibi tó ti ń pa ẹran rẹ̀. Ó ní fóònù ò ṣiṣẹ́ lókè lòun ò ṣe tètè pè wọ́n. Gbogbo àfonífojì gbè é lẹ́yìn. Àwọn èèyàn ń ra ọtí fún un, wọ́n ń lù ú lẹ́yìn. Wọ́n ní ẹnìkan ti ṣọkùnrin.

Corinne wá sílé Orcutt ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì. Mo wà lẹ́nu géètì pẹ̀lú ife mi, wọn ò sì ní kí n lọ.

"Ìyáàfin Orcutt, ẹ̀yin lẹ gun ẹṣin ká gbogbo ibẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Mo ní láti bi yín. Ṣé màlúù Lyman wà lórí Gàárì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun?"

 Mo rí Idella tó ń wo ìsàlẹ̀ odò, níbi tí èéfín ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń jáde.

"Ẹ fún mi títí di ọjọ́ Ẹtì," ló sọ níkẹyìn.

Ọmọbìnrin náà wo èmi, ó wo Idella. Ó ní, "Ó dáa. Ọjọ́ Ẹtì."

Nígbà tí ó lọ tán, Idella sọ ọ́ fún mi. Màlúù rẹ̀ kan ló sọnù lọ́sẹ̀ yẹn, ó sì wá a dé orí Gàárì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun gan-an, láàárọ̀. Kò sí màlúù kan níbẹ̀. Ìgbẹ́ àtijọ́ àti kannakánná ló bá. Lyman ti da agbo rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́jọ ṣáájú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé Lyman ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Twila ló sọ ọ́ fún ìyàwó mi, Idella náà sì sọ díẹ̀ níbẹ̀ fún mi lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù. Idella wọlé láìkan ilẹ̀kùn, bí ó ti ń ṣe láti kékeré. Lyman ń jẹun. Twila bu ọbẹ̀ ẹ̀wà sínú abọ́ fún Idella, Idella ò fọwọ́ kàn án.

"Lyman, mo wà lórí Gàárì lọ́jọ́ yẹn."

Lyman ń jẹun lọ. "Mo ti gbọ́ pé o máa ń rìn káàkiri."

"Kò sí màlúù níbẹ̀."

"Ta lo ti sọ fún?"

"Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni tó máa lò ó. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ wá bá."

Ó ju ṣíbí sílẹ̀. "Kí lo wá fẹ́? O fẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ ẹ̀wọ̀n nítorí ajá? Nítorí ohun tó pa Plum rẹ? Ṣé ọmọ ìyá mi ṣì ni ẹ́, àbí ìyá wọn lo jẹ́ lóòótọ́?"

"Ọmọ ìyá rẹ ni mí. Tó bá jẹ́ pé ó ń lé màlúù rẹ lo yìn ín, èmi gan-an ni màá kọ́kọ́ dúró níwájú wọn bá ọ jẹ́rìí. Màá ní tí wọ́n bá máa mú ọ, kí wọ́n mú èmi náà."

"Jẹ́rìí bẹ́ẹ̀ nígbà náà! Gbólóhùn kan ni, Della. 'Mo rí màlúù níbẹ̀.' Ó parí."

"Mi ò rí wọn."

"Ta ló máa mọ̀?"

Twila ní Idella wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tààrà. Ó ní, "Mo dúró nínú gbọ̀ngàn yẹn, mo béèrè ìbéèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin ìjọba yẹn, ó lè fi irọ́ dá mi lóhùn, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tí a ń bá wọn jà lé lórí ni pé wọn ò gbọ́ tiwa, wọn ò gbà wá gbọ́. Tí mo bá purọ́ fún un báyìí, ọjọ́ tí ìkookò bá tún pa màlúù ẹnikẹ́ni níbí, kí ló dé tí wọ́n á fi gba ọ̀rọ̀ wa gbọ́? Mi ò ní lọ fi ẹjọ́ rẹ sùn. Àmọ́ ọjọ́ Ẹtì ni ó ń padà bọ̀, tó bá sì bi mí, màá dá a lóhùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá sọ fún ọ, kó o lè ṣáájú mi débẹ̀."

"Jáde nílé mi," ni Lyman wí.

"Ilé bàbá mi náà ni," ni Idella wí, àmọ́ ó jáde.

Ọjọ́bọ̀ kọjá, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ nǹkan kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Idella ò dúró de Corinne. Ó ní òun ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà bá Garth nílé. Ó wa ọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì wọn ní ìlú, wákàtí kan àtààbọ̀. Nígbà tó dé ibi ìgbọ́kọ̀sí, ọkọ̀ Lyman ti wà níbẹ̀, Lyman wà nínú rẹ̀. Yìnyín ti bo òrùlé ọkọ̀ náà, ó sì hàn pé ó ti pẹ́ níbẹ̀. Ìbọn bàbá wọn wà lẹ́yìn àga, wọ́n fi kúbùsù wé e.

Ó ṣí ilẹ̀kùn kejì, ó wọlé jókòó. 

Lyman ní, "Mo lọ gé igi ni. Mi ò wá a lọ. Mo gbójú sókè, ó dúró síbẹ̀."

"Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"Mo ro àwọn ọmọ màlúù mẹ́ta yẹn. Mo ro bàbá bàbá wa. Mo ní inú mi máa dùn." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Kò sá, Della. Ì bá ti sá. Kí ló dé tí kò fi sá?"

 Idella nawọ́ pa ẹ̀rọ amúgbóná ọkọ̀ náà, nítorí pé epo ti fẹ́ẹ̀ tán, wọ́n sì wọlé pọ̀. Lyman ló sọ̀rọ̀. Wọn ò tilẹ̀ bi Idella ní nǹkan kan lọ́jọ́ náà, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú fìlà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí eékún rẹ̀.

Ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn fún Lyman, wọ́n gba ìbọn náà, wọ́n sì ní kò gbọ́dọ̀ ṣọdẹ fún ọdún márùn-ún. Wọn ò fi í sẹ́wọ̀n, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ òtítọ́. Kíá ni àfonífojì rí ẹni tí wọ́n máa dá lẹ́bi. Wọ́n ní Idella ta ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún ìjọba. Mo wà ní ilé ìtajà oúnjẹ ẹran lọ́jọ́ tí ọkùnrin kan sọ ọ́ níṣojú Lyman, ó rò pé òun ń gbè é lẹ́yìn. Lyman sọ àpò tó gbé sílẹ̀. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó tà mí. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn wọlé." Ó gbé àpò rẹ̀, ó jáde. Síbẹ̀ kò bá Idella sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà òtútù yẹn. Idella náà ò lọ bá a. Garth sọ fún mi pé Idella máa ń dúró lójú fèrèsé láàárọ̀ títí yóò fi rí i pé èéfín ń jáde nísàlẹ̀ odò, kó tó lọ bọ́ màlúù.

Ní oṣù Karùn-ún, mo dé géètì, mo rí ọkọ̀ Lyman níbẹ̀. Òun àti Idella fara ti ọgbà, wọ́n ń wo pápá, kò sẹ́ni tó wo ojú ẹnìkejì.

"Ọjọ́ wo lò ń da tìẹ gòkè?" ni Lyman béèrè.

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, tí ilẹ̀ bá gbẹ."

"Tèmi ò tó ọgọ́rùn-ún mọ́. Agbo kéékèèké méjì ṣòro ṣọ́ ju agbo ńlá kan lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mi ò ní gbé inú ilé pákó yẹn o. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í tì."

"Tún un ṣe nígbà náà. Ṣebí káfíńtà ni ẹ́ tẹ́lẹ̀."

Ẹ̀bẹ̀ tí mo gbọ́ nìyẹn, tó bá jẹ́ ẹ̀bẹ̀ ni. Wọ́n jọ gun ẹṣin ní ẹ̀ẹ̀rùn yẹn àti èyí tó tẹ̀ lé e, ọ̀kan lápá ọ̀tún agbo, ọ̀kan lápá òsì. Abo ìkookò náà ti bímọ kó tó kú, àwọn ọmọ náà sì ti dàgbà nígbà yẹn. Wọ́n ń rí wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìkookò náà pa ọmọ màlúù Idella kan lọ́dún kejì, ó sunkún, ó bú wọn bó ṣe ń bú màlúù tó ń rọbí, lọ́jọ́ kejì ó tún gun ẹṣin. Àwọn olóko méjì ti gbà kí ẹnìkan máa bá àwọn náà ṣọ́. Àwọn tó kù ṣì ń kùn, mi ò sì lè sọ pé wọn ò ní ẹ̀tọ́ sí i.

Lóṣù tó kọjá, olùkọ́ kan ní kí Idella wá bá àwọn ọmọ ilé ìwé sọ̀rọ̀. Èmi ni mo fi bọ́ọ̀sì gbé e lọ. Ọmọbìnrin kékeré kan tí bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó ń pè é ní Ìyá Ìkookò nawọ́ sókè. "Ìyáàfin Orcutt, ṣé ó dáa bí wọ́n ṣe kó wọn padà wá?"

Idella bọ́ fìlà rẹ̀ sórí tábìlì olùkọ́.

Ó ní, "Nígbà tí wọ́n pa wọ́n tán, wọn ò tíì bí mi. Nígbà tí wọ́n kó wọn padà, mo ní rárá, wọn ò gbọ́. Nísinsìnyí, mi ò mọ̀. Mo mọ ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Mo sì mọ̀ pé lọ́dún tí mi ò rí abo yẹn mọ́, orí òkè yẹn dákẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Méjèèjì ló jẹ́ òótọ́. Tí ẹ bá dàgbà, kí ẹ tún bi mí, bóyá màá ti mọ̀."

Ọmọ náà kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Idella wo aago ògiri. Ó fi màlúù kan tó ń rọbí sílẹ̀ nílé, omi rẹ̀ ti ń dà láti àárọ̀, ó sì ní kí n jọ̀wọ́ kí n yára gbé òun padà.